Kuratsa ní Palo: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ìgbéyàwó àbúrò mi ní Fílípìnì

Ọjọ́ Ajé, Manila

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù wa tó balẹ̀ ní Manila. Èkó la ti gbéra, a yà ní Doha, a tún wọ òmíràn níbẹ̀. Wákàtí méje ni aago wọn fi ṣíwájú ti Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe ń jẹun alẹ́ níbí, ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n nílé ni. Màmá ní àwọn ò fẹ́ oúnjẹ kankan, omi gbígbóná àti ibùsùn ni àwọn ń wá.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì fẹ́ fẹ́, ọmọ erékùṣù Leyte. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn ìjọba ní Britain kò ní ṣe hàà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ọmọ Fílípìnì pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ òru ló sì máa ń sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Ìdílé ìyàwó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ijó ìbílẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe ináwó náà, àti pé ẹbí ọkọ gbọ́dọ̀ bọ́ sójú agbo. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí àyè wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tacloban sí Palo

Láti Manila dé Tacloban ní Leyte kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú bàálù. Orí ilẹ̀ tóóró kan tó yọ sínú òkun ni pápákọ̀ òfuurufú wọn wà, tó jẹ́ pé bí bàálù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, omi lèèyàn ń wò lọ́tùn-ún lósì. Omi yìí ló wọ ìlú ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí ìjì Yolanda, èyí tí ayé ń pè ní Haiyan, jà. Ó lé ní 6,000 èèyàn tó kú ní orílẹ̀-èdè náà, agbègbè yìí ló sì jìyà rẹ̀ jù. Bàbá ìyàwó fi ọwọ́ hàn wá ibi tí omi ga dé lára ògiri ilé kan, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e, àwa náà ò bi wọ́n léèrè.

Palo ni ilé wọn wà, gúúsù Tacloban, kò jìnnà rárá. Bí a ṣe wọlé ni àwọn ọmọ kéékèèké tò wá, wọ́n ń mú ọwọ́ Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbí nìyẹn. Màmá kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: “Wàá dàgbà, wàá jẹun ọmọ, wàá ṣe orí ire.” Nígbà tó kan ìyá àgbà, ìyá ìyá ìyàwó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n fà wá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí. Apoy ni gbogbo ilé ń pe ìyá àgbà ní èdè Waray, bí àwa náà ṣe ń pè wọ́n nìyẹn láti ìgbà náà.

Àwòrán ìgbéyàwó Apoy, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ni omi gbé lọ ní 2013. Ìdí nìyí tí wọ́n fi takú pé dandan ni kí wọ́n ya ijó ti ọ̀tẹ̀ yìí sínú fídíò, kí ẹ̀dà kan wà ní Palo, kí òmíràn wà ní London, kí òmíràn wà ní Ìbàdàn.

Binagol ni a fi parí oúnjẹ, kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n fi oje àgbọn tí wọ́n fún àti ṣúgà sè nínú ààbọ̀ èèpo àgbọn. Ìlú Dagami, tí kò jìnnà síbí, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Màmá jẹ méjì.

Ọjọ́rú, ní àgbàlá

Kò tíì tó aago méje àárọ̀ tí wọ́n ti gbé ọparun méjì kalẹ̀. Àǹtí ìyàwó ló ń darí ètò, olùkọ́ eré ìdárayá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ohùn olùkọ́ kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn. Tinikling, ijó àárín ọparun, ni wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ọkọ.

Ọparun kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Wọ́n tẹ́ wọn lé igi méjì tó wà nílẹ̀, ọ̀kan ní ìdí, ọ̀kan ní orí, kí ọparun má baà máa lu ilẹ̀. Ẹnì kan jókòó sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ìlù rẹ̀ ń lọ: wọ́n á gbá ọparun mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì gbá ọparun méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó, kó, pà! Kó, kó, pà! Nígbà tí ọparun bá ṣí ni ẹsẹ̀ oníjó ń wọ àárín, kí ó tó dún pà, ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde. Bí orin bá ṣe ń lọ ni wọ́n á máa mú un yára sí i, títí tí ojú kò fi ní lè bá ẹsẹ̀ mọ́.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò, ìdìmú ọparun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ. Àtàńpàkò á wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ìka yòókù á wà lókè, kò gbọdọ̀ sí ìka kankan ní àárín ọparun méjèèjì. Mo jókòó ti ọmọkùnrin kan tó ń gbá a, mo wo ọparun náà dáadáa. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ti pọ́n rúsúrúsú, ó ń dán, gbogbo ìyókù ṣì rí gbẹrẹfu. Ó ní bàbá òun ti fi ọparun yìí jó rí, pé ojú àjà ni wọ́n ń gbé e sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Erékùṣù Leyte yìí gan-an ni wọ́n ti mú ijó náà wá. Tikling ni ẹyẹ kan tó ń rìn káàkiri oko ìrẹsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì yára. Àwọn àgbẹ̀ á dẹ pàkúté ọparun fún un, ẹyẹ á máa yẹ̀ ẹ́, á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé èkejì, á kọjá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí olùkọ́ dá orin dúró, wọ́n fi ara wọn ṣe ẹyẹ náà fún wa: ọrùn nà síwájú díẹ̀, èjìká rọ̀, orúnkún ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Wọ́n ti ń fò tẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún ọparun, wọ́n wá ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹyẹ tó mọ ibi tó ń lọ.

Ní ọ̀sán, lábẹ́ igi, mo bi Àǹtí léèrè bó ṣe jẹ́ pé ọmọ ọdún méje nílé yìí mọ ijó erékùṣù mìíràn pẹ̀lú ti erékùṣù tirẹ̀. Orúkọ kan ni wọ́n fi dáhùn: Francisca Reyes-Aquino. Ọdún 1899 ni wọ́n bí obìnrin yìí ní Bocaue, ní ìpínlẹ̀ Bulacan. Ní Yunifásítì Fílípìnì, ijó àti eré ìbílẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè rẹ̀ ní 1926. Lẹ́yìn náà ni Jorge Bocobo, ààrẹ yunifásítì náà, rán òun àti àwọn mìíràn káàkiri ìgbèríko láti lọ kó orin àti ijó jọ. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà abúlé ló jókòó sí. Ó kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí ọwọ́ ń lọ, ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró, iye ìlù, aṣọ, ohun èlò. Ìwé rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́, òun fúnra rẹ̀ sì di alábòójútó eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní 1962, ní 1973 wọ́n fi oyè National Artist, oyè gíga tí orílẹ̀-èdè náà ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, dá a lọ́lá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní oyè yìí nítorí ijó. Ọdún 1983 ló kú.

Àǹtí ní nínú ìwé rẹ̀ ni àwọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, wọ́n sì fi ogójì ọmọ lé ogójì jó o ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọ̀sán. A ní ijó bàtá tí kò sí irú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìyá ìlù bá sọ̀rọ̀, èjìká àti ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í rí i àfi lọ́jọ́ àṣà nílé-ìwé, tí wọ́n á yan ọmọ mẹ́fà, tí ìyókù á jókòó máa wò. Níbí, kíláàsì lódindi ló ń jó. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ tó wà nínú ẹbí wa kà á dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, Basey

A gba orí afárá San Juanico kọjá sí erékùṣù Samar. Afárá náà gùn ju kìlómítà méjì lọ, ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i. Ìyá ìyàwó fẹ́ ra ẹní ìgbéyàwó ní Basey, koríko kan tó ń jẹ́ tikog ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń hun ún, wọ́n á pa á láró, wọ́n á tún fi iṣẹ́ ọnà sí i lójú. Èyí tí a rà ní òdòdó pupa àti ewé. Òjò lé wa padà.

Ọjọ́ Ẹtì, àìsùn ìgbéyàwó

Gbogbo àdúgbò ló wá ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ń yí ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná èédú, àwọn obìnrin ń bó àlùbọ́sà, wọ́n ń gé ẹran. Ẹmu wọn tí wọ́n ń pè ní tuba wà nínú gálọ́ọ̀nù lábẹ́ tábìlì. Ara igi àgbọn ni wọ́n ti ń dá a, wọ́n á sì fi èèpo igi etídò kan tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó pọ́n. Bàbá wa àbúrò Màmá mu ún, wọ́n ní ẹmu gidi ni, ó kàn wọ aṣọ pupa ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn onílù okùn dé: gìtá, pẹ̀lú bandurria tó ní okùn mẹ́rìnlá. Apoy dìde láti orí àga wọn, wọ́n ní kí àbúrò mi wá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kuratsa ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, ijó àwọn Waray, ijó tí kò sí ìgbéyàwó tó ń parí láìjó o lágbègbè yìí.

Àkùkọ àti àgbébọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Obìnrin á dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, àyà rẹ̀ kò mì. Ọkùnrin á na ọwọ́ méjèèjì bí ìyẹ́, á máa yí i ká, á máa bẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní palanat, orin á yára, ọkùnrin á máa lé e, obìnrin á máa sá, á sì tún yíjú padà lójijì, tí yóò wá di pé òun gan-an ló ń lé ọkùnrin. Kò sí ìgbésẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apoy ní ojú obìnrin ni kí ọkùnrin máa wò, kó má wo ẹsẹ̀, nítorí ojú ló ń sọ ibi tí yóò yà sí. Wọ́n fi hàn án. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n yà sí òsì, àbúrò mi sì ti bá ọ̀tún lọ. Gbogbo ilé hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìgbéyàwó

Kàtídírà Palo ni ìsìn ti wáyé, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí ìjì Yolanda ṣí òrùlé rẹ̀ tí wọ́n sì tún un kọ́. Póòpù Francis wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2015, nígbà tó wá kí àwọn tí ìjì ṣe lọ́ṣẹ́. Àbúrò mi wọ barong, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi okùn ewé ọ̀pẹ òyìnbó hun. Ẹbí wa wọ aṣọ òkè aláàárì. Àwọn àgbà tí wọ́n yàn láti dúró ti tọkọtaya da aṣọ ìbòrí lé èjìká wọn, wọ́n fi okùn kan so wọ́n pọ̀, ọkọ sì da ẹyọ owó mẹ́tàlá sí ọwọ́ ìyàwó. Màmá sunkún níbi okùn yẹn.

Pápá básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò, èyí tí wọ́n fi páànù bò, ni àsè ti wáyé. Àwọn tọkọtaya àgbà ló kọ́kọ́ jó Cariñosa, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ àti áńkáṣíìfù. Obìnrin á fi abẹ̀bẹ̀ bojú, ọkùnrin á yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin á tún bò ó. Ó dùn mọ́ mi nínú láti rí àwọn tó ti fẹ́ra láti ogójì ọdún tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú kanra.

Wọ́n pa iná. Ìbátan ìyàwó mẹ́rin wọlé pẹ̀lú Pandanggo sa Ilaw, ijó fìtílà láti erékùṣù Lubang ní Mindoro. Fìtílà mẹ́ta ni oníjó kọ̀ọ̀kan gbé, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ni fìtílà náà, òróró àti òwú ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọjá níwájú mi tímọ́tímọ́, ó fi ọwọ́ yípo láti abẹ́ apá jáde sókè. Mo rí òróró tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó tún dà padà, kò sí ẹ̀kán kan tó kán sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ dúró gbọin, èémí nìkan ni mo rí tó ń gbé àyà rẹ̀ sókè.

Àwọn ọmọ wa jó Tinikling wọn dáadáa. Ẹni tó rí wọn ní Ọjọ́rú kò ní gbà pé àwọn ni.

Kuratsa ló wá kàn. Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan sílẹ̀ láàárín agbo. Tọkọtaya ló kọ́kọ́ jó, àbúrò mi sì ti gbọ́ràn, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Bí wọ́n ṣe wọ palanat ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ agbo láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gala ni wọ́n ń pe owó yìí. Adarí ètò ń pe ẹbí ní méjì-méjì, ọ̀kan láti ilé ọkọ, ọ̀kan láti ilé ìyàwó, bí ìwọ bá sì ń jó, àwọn èèyàn tìrẹ ló gbọ́dọ̀ náwó fún ọ. Àwọn ọmọdé méjì ń ṣa owó náà sínú abọ́ bó ṣe ń balẹ̀, kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tó kan Màmá àti àbúrò bàbá ìyàwó ni agbo gbóná. Màmá kò jó o bí Apoy ṣe jó o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbọn èjìká, wọ́n fi ìpele aṣọ òkè dá ọkùnrin náà lọ́nà nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ sún mọ́ wọn. Ó yí wọn ká, wọ́n yẹ̀ ẹ́. Ó na ọwọ́, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Apoy dìde lórí àga, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lé orin. Àǹtí wa tó ti London wá kò lè mára dúró mọ́, wọ́n bọ́ sójú agbo, wọ́n ń lẹ owó mọ́ Màmá níwájú orí bí a ṣe ń ṣe é nílé. Adarí ètò dákẹ́ díẹ̀, ó wo bàbá ìyàwó. Bàbá ìyàwó dìde, wọ́n mú owó tiwọn jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ wọn níwájú orí. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń jù, àwọn kan ń lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka owó náà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n kéde iye tó ti ilé ọkọ wá àti iye tó ti ilé ìyàwó wá, wọ́n dì í, wọ́n gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ti lọ sí inú ìnáwó tí kò lóǹkà nílé, tí owó tí ẹbí ná bá olórin lọ, tí èyí tó bọ́ sílẹ̀ di ẹrù bàtà, bẹ́ẹ̀ òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti ní kí á má ju náírà, kí á má sì jó lé e. Àwọn èèyàn yìí kò fi owó ṣe fáàrí. Ilé tuntun ni wọ́n fi ijó náà ń dá sílẹ̀, olúkúlùkù ẹbí sì mọ iye tí òun fi sí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣètò ìgbéyàwó ọmọ mi, abọ́ ńlá á wà láàárín agbo, a ó sì ka owó náà sókè.

Ọjọ́ Àìkú, Palo

A fọ ìkòkò. A dé etí òkun tí MacArthur, ọ̀gágun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1944, ère idẹ òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró nínú omi níbẹ̀. A ya fọ́tò, a padà.

Àpérò kan ló gba ìyókù ọ̀sán. Ìdílé ìyàwó ń bọ̀ ní London fún ìdána tiwa, wọ́n sì fẹ́ jó Tinikling níbẹ̀. Bàbá ìyàwó fẹ́ gbé ọparun ojú àjà yẹn wá. A rò ó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án kò lè wọ bàálù, àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì fi igi tútù ṣeré. A fẹnu kò pé London ni a ó ti ra ọparun. Àǹtí olùkọ́ kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi sínú ìwé: bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, àti pé kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó gbá a. Kuratsa náà wà lórí ètò. Màmá ti ní onígángan ni àwọn fẹ́ kó lù ú pẹ̀lú gìtá, Apoy sì ti béèrè ohun tó ń jẹ́ gángan. Mo ti fi fídíò kan hàn wọ́n lórí fóònù mi, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Kí ẹ̀yin tó wà ní London bá wa wá onígángan tó lè lu mẹ́ta-mẹ́ta.